Ọ̀jọ̀gbọ́n Kofi Abrefa Busia: Láti Ilé-Ẹ̀kọ́ Àwọn Olùkọ́ ní Kumasi dé Yunifásítì Oxford

Ọ̀pọ̀ nínú àwa tí a ń kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ ni ó máa ń bi ara rẹ̀ léèrè bóyá ibi tí a wà yìí ni òpin ìrìn-àjò wa nínú ẹ̀kọ́. Àwọn kan tilẹ̀ gbàgbọ́ pé ẹni tí kò bá ti ilé-ẹ̀kọ́ girama wọ yunifásítì tààrà, ilẹ̀kùn náà ti tì mọ́ ọn. Nítorí èyí ni mo ṣe fẹ́ sọ ìtàn ìgbésí ayé ọkùnrin kan tí ó jókòó ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ ní Kumasi níhìn-ín, tí ó sì ti ibẹ̀ gòkè dé Oxford, ọ̀kan nínú àwọn yunifásítì tí ó ṣòro jù lọ láti wọ̀ ní gbogbo ayé. Orúkọ rẹ̀ ni Kofi Abrefa Busia. Ọmọ Yorùbá ni èmi tí mo ń kọ̀wé yìí, mo sì mọ̀ pé nítorí ohun mìíràn ni àwọn àgbà wa ṣe ń rántí orúkọ náà. Èmi kì yóò fi ohun náà pamọ́. Bí a bá dé ibẹ̀, èmi yóò sọ ọ́ bí ó ti rí.

Ọjọ́ 11 oṣù Keje, ọdún 1913, ni a bí Busia ní ìlú Wenchi, tí ó wà ní ìhà àríwá ìwọ̀-oòrùn Kumasi. Ọjọ́ Ẹtì ni ọjọ́ náà, ìdí sì nìyí tí ó fi ń jẹ́ Kofi, nítorí bẹ́ẹ̀ ni àwọn Akan ń pe ọmọkùnrin tí a bá bí ní ọjọ́ Ẹtì. Ìdílé ọba ni a bí i sí. Ní àkókò náà, abẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ni ilẹ̀ náà wà, Gold Coast ni a sì ń pè é. Ọba àwọn Aṣáńtì, Prempeh Kìíní, kò sí ní ìlú. Àwọn Òyìnbó ti mú un ní 1896, wọ́n sì kó o lọ sí erékùṣù Seychelles láàrin òkun. Ọdún 1924 ni wọ́n tó dá a padà sí Kumasi, nígbà tí Busia jẹ́ ọmọ ọdún mọ́kànlá. Ọmọ ọba tí ó dàgbà ní irú àkókò bẹ́ẹ̀, tí àṣẹ àwọn baba rẹ̀ ti bọ́ sí ọwọ́ ajẹ́lẹ̀, kò lè ṣe aláìmọ̀ pé ayé ti yí padà. Ẹ jẹ́ kí a fi èyí sí ọkàn, nítorí pé ohun tí ó bá nílé ni ó padà di ẹ̀kọ́ rẹ̀ ní òkè òkun.

Ilé-ìwé ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ni ó ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́. Lẹ́yìn náà ni ó lọ sí Mfantsipim ní Cape Coast, ilé-ẹ̀kọ́ girama tí ìjọ náà dá sílẹ̀ létí òkun ní 1876. Nígbà tí ó parí níbẹ̀, kò sí yunifásítì kankan ní gbogbo Gold Coast tí ó lè wọ̀, kò sì sí ní Nàìjíríà pẹ̀lú. Nínú gbogbo àwọn ilẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tí ó wà lábẹ́ Gẹ̀ẹ́sì, Fourah Bay ní ìlú Freetown, tí ó so mọ́ Yunifásítì Durham ní Ìlú Ọba láti 1876, ni a ti ń kọ́ni gba oyè yunifásítì. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó bá mọ̀wé, tí kò sì ní owó ọkọ̀ òkun, iṣẹ́ akọ̀wé tàbí iṣẹ́ olùkọ́ ni ó wà níwájú rẹ̀. Busia yan iṣẹ́ olùkọ́. Ó padà sí Kumasi, ó wọ Wesley College, ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ tí ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ti ní níbẹ̀ láti 1924. Ó wà níbẹ̀ láti 1931 títí di 1932, nígbà tí ó sì jáde, ibẹ̀ náà ni ó ti di olùkọ́.

Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ níhìn-ín, nítorí pé ibi tí Busia wà nígbà náà ni ọ̀pọ̀ nínú wa wà. Ó ní ìwé ẹ̀rí, ó ní iṣẹ́, àwọn ènìyàn sì ń bọ̀wọ̀ fún un. Ṣùgbọ́n ìwé ẹ̀rí olùkọ́ kì í ṣe oyè yunifásítì. Òṣùwọ̀n tí wọ́n fi wọ̀n ọ́n ní Kumasi kọ́ ni Oxford ń lò. Bí olùkọ́ kan bá gbé ìwé ẹ̀rí rẹ̀ lọ sí ẹnu ọ̀nà yunifásítì, kò sí ẹni tí yóò sọ pé kò wúlò, ṣùgbọ́n wọn kò ní mọ iye tí wọn yóò kà á sí. Ìṣòro yìí kò tí ì tán nínú ayé títí di òní. Ẹni tí ó bá fẹ́ ti ilé-ẹ̀kọ́ kékeré lọ sí ti ńlá gbọ́dọ̀ wá ohun tí ilé-ẹ̀kọ́ ńlá náà mọ̀ ọ́n wọ̀n.

Ohun tí Busia ṣe nìyí. Ó fi Kumasi sílẹ̀ lọ sí Achimota, lẹ́bàá Accra, ilé-ẹ̀kọ́ ńlá tí a ṣí ní 1927, tí Dókítà Kwegyir Aggrey wà lára àwọn tí ó fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀. Ó kẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀, ó sì tún ṣe olùkọ́ níbẹ̀. Ní àkókò yìí ni ó gbìyànjú oyè Yunifásítì London láìkúrò ní Áfíríkà. Láti 1858 ni yunifásítì náà ti gbà kí ẹni tí kò gbé ní London ṣe ìdánwò rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ yóò kọ́kọ́ yege nínú ìdánwò àbáwọlé, lẹ́yìn náà ìdánwò àárín, kí ó tó kan ìdánwò àṣekágbá. Ìwé àti lẹ́tà ni ó fi ń kẹ́kọ̀ọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ti dúró níwájú àwọn ọmọdé láti òwúrọ̀ títí di ọ̀sán mọ bí ara ti ń rí ní alẹ́. Ó gba ọ̀pọ̀ sùúrù kí ènìyàn tó lè jókòó ti ìwé ìtàn àwọn ọba Yúróòpù láyé àtijọ́ lẹ́yìn irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀ Busia ṣe é, ó sì gba oyè nínú ẹ̀kọ́ ìtàn pẹ̀lú ìyìn.

Oyè London yìí ni kọ́kọ́rọ́ tí ó ṣí ilẹ̀kùn kejì. Ogun Àgbáyé Kejì ń jà ní Yúróòpù nígbà tí Busia wà ní University College ní Oxford, ilé-ẹ̀kọ́ kan tí ó ti wà láti ọ̀rúndún kẹtàlá. Òun ni ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tí ó wọ ibẹ̀. Ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ọgbọ́n, ti ìṣèlú àti ti ọrọ̀ ajé, tí wọ́n so pọ̀ mọ́ra, ni ó yàn. Ní 1941 ó gba oyè rẹ̀. Nígbà tí ó padà sílé, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi òun àti A. L. Adu ṣe ajẹ́lẹ̀ ní 1942. Àwọn méjèèjì ni ọmọ ilẹ̀ náà àkọ́kọ́ tí a fi sí irú ipò bẹ́ẹ̀. Ọmọ ọba Wenchi wá di ẹni tí ó jókòó sórí àga tí àwọn Òyìnbó ti ń pàṣẹ fún àwọn ọba.

Ipò yìí kò tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ó padà sí Oxford, ní Nuffield College, ó sì gba oyè Dókítà ní 1947. Ẹ ṣàkíyèsí ohun tí ó mú lọ síbẹ̀ láti ṣe ìwádìí lé lórí. Kì í ṣe ìtàn Yúróòpù mọ́. Ipò ọba ní ilẹ̀ Aṣáńtì ni ó yẹ̀ wò, bí agbára ọba ti rí láyé àtijọ́ àti ohun tí ìjọba Òyìnbó, ẹ̀sìn tuntun àti owó kòkó ti sọ ọ́ dà. A tẹ iṣẹ́ náà jáde ní ìwé ní 1951. Ẹ̀kọ́ kan wà níhìn-ín tí mo fẹ́ kí gbogbo wa mú. Ẹni tí ó ti ibi kékeré wá a máa rò pé òun gbọ́dọ̀ fi ohun tí òun mọ̀ nílé sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà kí àwọn ọ̀mọ̀wé tó gbà á. Ohun tí Busia mọ̀ nílé gan-an ni Oxford kò mọ̀, òun sì ni ó fi di ẹni tí wọ́n ń tẹ́tí sí.

Kì í ṣe òun nìkan ni ó gba ọ̀nà àtẹ̀gùn báyìí. Ní 1948, nígbà tí University College bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn, akẹ́kọ̀ọ́ 104 tí a fi bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, láti Higher College ní Yaba ni a ti kó wọn lọ. Ìwé ẹ̀rí Yaba kò níyì púpọ̀ lẹ́yìn odi Nàìjíríà, àwọn ènìyàn sì ti ráhùn nípa rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ìṣípòpadà yìí ni ó sọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ di ẹni tí ń ṣe ìdánwò oyè London. Ní Kumasi pẹ̀lú, nígbà tí a ṣí ilé-ẹ̀kọ́ gíga ti ìmọ̀ ẹ̀rọ ní 1952, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí a fi bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 200 tí ń kọ́ iṣẹ́ olùkọ́, láti Achimota ni a sì ti kó wọn wá. Ilé-ẹ̀kọ́ náà ni ó di Yunifásítì Kwame Nkrumah ti ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì àti ìmọ̀ ẹ̀rọ. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe fojú tín-ínrín ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́. Àwọn olùkọ́ ni ó kọ́kọ́ tẹ ilẹ̀ yunifásítì tí ó wà ní Kumasi yìí.

Busia náà di olùkọ́ ní yunifásítì. Nígbà tí a dá University College ti Gold Coast sílẹ̀ ní 1948, kò pẹ́ tí ó fi di olùkọ́ níbẹ̀, òun sì ni ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tí ó di Ọ̀jọ̀gbọ́n níbẹ̀. Ìmọ̀ nípa bí ènìyàn ti ń bá ara wọn gbé láwùjọ ni ó ń kọ́ni. Ṣáájú èyí, ó ti ṣe ìwádìí nípa ìgbé ayé àwọn ará Sekondi àti Takoradi, níbi tí iṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin àti ti èbúté ti kó onírúurú ènìyàn jọ láti ọ̀nà jíjìn. A tẹ ìròyìn rẹ̀ jáde ní 1950. Ó mọ ohun tí ó ń gbé ènìyàn kúrò nílé, ó sì mọ bí àlejò ti ń gbé ìlú onílùú.

Ní 1951 ìgbìmọ̀ àwọn ọba Aṣáńtì yàn án sí ilé aṣòfin. Láti ìgbà náà ni ọ̀nà òun àti Kwame Nkrumah ti yà. Gánà gba òmìnira ní 1957. Ní ọdún yìí kan náà, ìjọba Nkrumah lé àwọn aṣáájú Mùsùlùmí méjì kúrò ní Kumasi lọ sí Nàìjíríà, Alhaji Amadu Baba àti Alhaji Othman Larden. Ẹgbẹ́ òṣèlú tiwọn wà lára àwọn tí ó para pọ̀ di United Party tí Busia ṣe olórí rẹ̀. Nígbà tí ó di 1959, Busia fúnra rẹ̀ sá kúrò nílùú nítorí ó gbà pé ẹ̀mí òun wà nínú ewu. Ilẹ̀ Họ́láńdì gbà á, ó sì di Ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Leiden. Láti 1962 ó wà ní St Antony's College ní Oxford. Nígbà tí àwọn ológun lé Nkrumah kúrò lórí oyè ní 1966, Busia padà sílé. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1969 ẹgbẹ́ rẹ̀, Progress Party, gba ìjókòó 105 nínú 140 ní ilé aṣòfin, òun sì di olórí ìjọba. Olùkọ́ tí ó jáde ní Wesley College ti dé ibi tí ó ga jù lọ.

Nísisìyí mo dé ibi tí mo ti sọ tẹ́lẹ̀. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Busia pàṣẹ pé kí gbogbo àjèjì tí kò bá ní ìwé àṣẹ ìgbélùú gbà á láàrin ọ̀sẹ̀ méjì, tàbí kí ó fi Gánà sílẹ̀. Iṣẹ́ ti wọ́n ní ilẹ̀ náà nígbà náà, gbèsè sì pọ̀ lọ́rùn ìjọba. Ọ̀pọ̀ ará ìlú gbà pé àwọn àjèjì ni ó gba ọjà àti iṣẹ́ mọ́ àwọn lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n àwọn Yorùbá, tí àwọn Akan ń pè ní Alata, ti ń ṣòwò ní Kumasi ṣáájú kí a tó bí ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ń ṣèjọba. Láyé àwọn Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tí ó bá ti Nàìjíríà wá kì í wá irú ìwé bẹ́ẹ̀ kí ó tó pàtẹ. Ọ̀sẹ̀ méjì kò tó láti ta ilé, kò tó láti gba gbèsè, kò tó láti kó ẹrù. Àwọn tí a bí ní Kumasi, tí wọn kò mọ Ògbómọ̀ṣọ́, Ẹjìgbò, Ọ̀fà tàbí Ìlọrin ju orúkọ lọ, bá ara wọn lórí ọkọ̀ akẹ́rù. Àwọn ọmọ fi ilé-ìwé sílẹ̀. Ogun abẹ́lé sì ń jà lọ́wọ́ ní Nàìjíríà tí wọ́n ń padà sí. Kódà àwọn olóko kòkó ní Gánà kò rí alágbàṣe tó bí ti àtẹ̀yìnwá mọ́.

Mo ti rò ó wò, n kò sì rí bí ènìyàn ti lè kọ ìtàn Busia kí ó fo ibí yìí. Ọkùnrin tí Leiden àti Oxford gbà ní àlejò nígbà tí kò lè gbé ilé rẹ̀, tí ó sì ti kọ̀wé nípa àwọn tí ń wá iṣẹ́ ní ìlú onílùú, ni ó pàṣẹ yìí. Ìmọ̀ rẹ̀ kò dín kù, ìwé rẹ̀ kò sọnù. Èyí fi hàn mí pé oyè lè gbé ènìyàn dé ibi tí ó ga, ṣùgbọ́n kò lè bá a pinnu ohun tí yóò ṣe níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni n kò kọ èyí láti dá ìkórìíra sílẹ̀ láàrin wa. Ní 1983, ìjọba Nàìjíríà náà lé ọ̀kẹ́ àìmọye ará Gánà jáde láàrin ọ̀sẹ̀ díẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni àdéhùn ECOWAS tí a fọwọ́ sí ní Èkó ní 1975 ti wà nílẹ̀. Kò sí èyí tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́ nínú orílẹ̀-èdè méjèèjì.

Ìjọba Busia kò pẹ́. Ní 1971 ó fi ètò kan lélẹ̀ pé kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì máa yá owó ẹ̀kọ́, kí wọ́n sì san án padà lẹ́yìn tí wọ́n bá rí iṣẹ́. Inú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kò dùn sí i. Ní òpin ọdún náà ó dín iye owó sìdì kù, ọjà sì gbówó lórí. Ní ọjọ́ 13 oṣù Kìíní ọdún 1972, nígbà tí ó wà ní Ìlú Ọba fún ìtọ́jú ara rẹ̀, Ọ̀gágun Acheampong gba ìjọba. Oxford ni Busia tún padà sí. Ibẹ̀ ni ó kú sí ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹjọ ọdún 1978, ní ẹni ọdún márùndínláàádọ́rin. A gbé òkú rẹ̀ wá sílé, a sì sin ín ní Wenchi.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ohun méjì ni mo rí mú nínú ìtàn yìí. Èkíní ni pé ọ̀nà wà. Ní Gánà, láti 2018, oyè ọlọ́dún mẹ́rin ni àwọn ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ ti ń kọ́ni gbà, nítorí náà ògiri tí Busia gùn ti wálẹ̀ díẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ lọ síwájú, kí ó tètè béèrè ohun tí yunifásítì tí ó ń wò yóò kà sí nínú iṣẹ́ tí ó ti ṣe, kí ó sì fi àṣálẹ́ rẹ̀ wá èyí tí ó kù. Kí ó má sì ṣe fi ìmọ̀ ilé rẹ̀ sílẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni ọrọ̀ tí àwọn ẹlòmíràn kò ní wà.

Èkejì ni pé olùkọ́ kọ̀ọ̀kan nínú wa yóò dé yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ kan tí ọmọ àlejò wà nínú rẹ̀. Orúkọ rẹ̀ lè ṣòro fún wa láti pè, ó sì lè má tí ì gbọ́ èdè ìlú náà dáadáa. Kí a tó dé Oxford tàbí Ìbàdàn, kí a tó gba àṣẹ kankan lórí ènìyàn, ọmọ yẹn ni ìdánwò wa. Ẹ jẹ́ kí a kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé ìpè láìṣì í kọ, kí a sì fún un ní ìjókòó níwájú.